John Backus: Ẹni tí FORTRAN sọ di olókìkí, tó padà wá ta kò ó

Ìlú Philadelphia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí John Backus lọ́jọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1924. Owó kò wọ́n nílé wọn, ìwé gan-an ni ọmọ náà kò fẹ́ kà. Ó fìdí rẹmi léraléra níléèwé girama, nígbà tó sì dé Yunifásítì Virginia, kì í lọ sí kíláàsì, wọ́n bá ní kó máa lọ. Iṣẹ́ ológun ló kàn. Wọ́n rán an lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ìyẹn náà sú u.

Ní 1946, ó lọ kọ́ iṣẹ́ rédíò ní New York. Olùkọ́ kan níbẹ̀ ní kó bá òun ṣe ìṣirò díẹ̀, bí ìṣirò ṣe wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Ó gboyè ní Yunifásítì Columbia, ó sì yà wo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ IBM bí ẹni tó wá wòran. Iṣẹ́ ló bá jáde ní 1950.

Nígbà náà, àmì àti nọ́ńbà tí orí ń fọ́ ènìyàn ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Backus kò fẹ́ràn wàhálà. Ní ìparí 1953, ó kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe èdè tó rọrùn. FORTRAN jáde ní 1957, ó sì dín àṣẹ tí ènìyàn ní láti kọ kù ní nǹkan bí ìlọ́po ogún.

Ní 1977, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Turing, tí kò sí èyí tó jù ú lọ láàárín àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ibi tó yẹ kó ti máa yangàn ló ti bẹnu àtẹ́ lu irú èdè tó sọ ọ́ di ènìyàn ńlá.

Ẹ̀sùn rẹ̀ kò ṣòro láti yé. Nínú FORTRAN àti àwọn tó tẹ̀ lé e, inú kọ̀ǹpútà dà bí àká tó kún fún ìkòkò. Òṣìṣẹ́ á lọ bu nǹkan nínú ìkòkò kan, á da òmíràn sí i, lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ìkòkò lálẹ́ gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ọwọ́ tó ti kàn án láti àárọ̀.

Ohun tí Backus ń fẹ́ dà bí ẹ̀rọ ìlọta. Ata tó wọlé ló ń sọ irú èyí tó máa jáde. Ẹ̀rọ kì í rántí ata àná (àfi bí oníṣẹ́ kò bá fọ̀ ọ́, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn). Fọ́ńṣọ̀n ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èyí tí ọ̀kan bá ṣe tán, òmíràn lè gbà á. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣírò owó oṣù ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́, wọn á sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ti ẹnì kan, wọn á sì ní kó rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn, láìka orí.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ronú bẹ́ẹ̀. Alonzo Church ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ láwọn ọdún 1930, John McCarthy sì ti bẹ̀rẹ̀ LISP ní 1958. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìkòkò fúnra rẹ̀ ló wá ń sọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi dẹtí sí i.

FP lorúkọ èdè tuntun náà, FL sì tẹ̀ lé e. Ó lo ọdún tó lé ní mẹ́wàá lórí wọn ní California. Wọn kò tàn kálẹ̀. Ìkòkò ti mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́, àti pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ayé, bíi ìwé owó báńkì, nílò kí ẹ̀rọ rántí àná. Backus fẹ̀yìn tì ní 1991, ó sì fi ìmọ̀ náà sílẹ̀ pátápátá. Ó kú ní Ashland, ìpínlẹ̀ Oregon, lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹta 2007, lẹ́ni ọdún 82.

Àwọn mìíràn ti gbé Haskell jáde ní 1990 lórí irú èrò yìí. Ní 2014, Java, tó máa ń di àṣẹ àti ohun èlò pọ̀ sínú àpò kan náà, gba díẹ̀ nínú rẹ̀ wọlé, ni àwọn tó ti fi Java ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ bá tún jókòó kẹ́kọ̀ọ́. FORTRAN pàápàá kò tíì kú: àwọn tó ń ṣírò ìgbà tí òjò máa rọ̀ ṣì ń lò ó.