Béhanzin àti Ìbọn Abẹ́rẹ́

Ní etí ọ̀sà níhìn-ín ní Bàrígà, ọ̀pọ̀ apẹja ló ń sọ èdè Ègùn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi mọ̀ pé Ègùn àti Fọ̀n sún mọ́ra gan-an, inú ẹbí Gbè ni méjèèjì wà. Fọ̀n ni èdè Béhanzin, ọba Dàhòmì tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Kondo ni wọ́n ń pè é kó tó jọba.

Glele ni bàbá rẹ̀, ọba tó kógun ja Abẹ́òkúta ní 1864, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì run Kétu ní 1886. Nígbà tí Glele wàjà ní ìparí 1889, Béhanzin gorí ìtẹ́, ó sì bá àwọn Faransé ní Kútọnù. Wọ́n jà níbẹ̀ ní 1890, wọ́n tún jà lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Ṣakabùlà ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Kí ẹnìkan tó ki ẹ̀tù àti ọta láti ẹnu ìbọn tán, àwọn Faransé ti yìn lọ́pọ̀ ìgbà.

Lẹ́yìn àdéhùn oṣù kẹwàá ọdún náà, ọba wá ìbọn mìíràn. Àwọn oníṣòwò Jámánì tó wà létíkun ló tà á fún un: nǹkan bí 1,700 láàárín oṣù kìíní 1891 àti oṣù kẹjọ 1892, pẹ̀lú àgbá Krupp. Chassepot wà lára wọn.

Ìbọn abẹ́rẹ́ ni Chassepot. Dreyse, ará Sömmerda ní Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ tí ìjọba Prussia gbà ní 1841. Tí a bá fà á, abẹ́rẹ́ kan á gún ọta oníbébà, á sì kan èròjà tó dà bí orí ìṣáná. Nínú ti Dreyse, èròjà yìí wà nídìí ọta, nítorí náà abẹ́rẹ́ gùn, ó ń la ẹ̀tù kọjá. Nínú Chassepot ti 1866, ẹ̀yìn ló wà, abẹ́rẹ́ kúrú, rọ́bà sì ń dí èéfín. Bí ẹ bá rí ìbọn àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ka irin rẹ̀: Sömmerda sábà máa ń wà lára ti Dreyse, Saint-Étienne tàbí Châtellerault lára Chassepot.

Báwo ni ìbọn Faransé ṣe dọ́wọ́ àwọn ará Jámánì? Wọ́n kó ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ̀ nínú ogun 1870 sí 1871. Orúkọ tó wà lára irin kì í sọ ẹni tó tà á, kì í sì í sọ ohun tí wọ́n fi rà á.

Ní 1891 kan náà, àwọn ará Jámánì ra nǹkan bí 370 ènìyàn lọ́wọ́ Béhanzin, wọ́n kó wọn lọ sí Kamẹrúùnù. Wọn kò san owó iṣẹ́ fún wọn. Ní oṣù kejìlá 1893, nígbà tí wọ́n na àwọn obìnrin wọn, wọ́n dìtẹ̀ ní Douala.

Ní 1892 Dodds, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà tó jẹ́ ọ̀gágun Faransé, ṣẹ́gun Dàhòmì. Béhanzin dáná sun ààfin Agbómẹ̀ kó má baà bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní oṣù kìíní 1894. Wọ́n gbé e lọ sí Martinique, ó sì kú ní Algeria ní oṣù kejìlá 1906. Ọdún 1928 ni wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ padà wálé.

Akọni ni wọ́n ń pè é lónìí, èmi náà gbà pé ó jà. Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé àwọn 370 wọ̀nyẹn tí a bá ń kà á mọ́ àwọn akọni.