Hermann Ebbinghaus, Ọkùnrin Tó Wọn Ìgbàgbé

Lábala ẹ̀kọ́ toṣù yìí, kì í ṣe ọmọ ìlú wa la fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀. Ará Jámánì kan ni, ó sì ti kú láti 1909. Ohun tó jẹ́ ká mú un ni pé ẹgbẹ́ ń múra láti pinnu bí lẹ́sìnnì àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC yóò ṣe máa lọ. Àwọn kan ní ká kó gbogbo ẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, ká fi àárọ̀ ṣúlẹ̀ kọ́ wọn. Àwọn kan ní ká tàn án ká gbogbo sáà, wákàtí díẹ̀díẹ̀. Owó kan náà ni méjèèjì máa ná wa. Kó tó di pé a dìbò, ẹ jẹ́ ká gbọ́ nípa Hermann Ebbinghaus, torí òun gan-an lẹni àkọ́kọ́ tó jókòó ti irú ọ̀rọ̀ yìí, tó sì fi nọ́ńbà dáhùn.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní 1850 ní Barmen, ìlú àwọn oníṣẹ́ aṣọ lápá ìwọ̀-oòrùn Jámánì. Oníṣòwò tó rí já jẹ ni bàbá ẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó wọ yunifásítì ní Bonn, ó sì tún kàwé ní Halle àti Berlin. Nígbà tí ogun Prussia àti Faransé bẹ́ sílẹ̀ ní 1870, ó wọṣẹ́ ológun. Ogun parí, ó padà sí Bonn, ó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ fílọ́sọ́fì ní 1873. Lẹ́yìn ìyẹn ló kọjá sí England àti Faransé, ó ń ṣe tíṣà, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé kó lè rí jẹ. Èmi ò rò pé ọdún wọ̀nyẹn ṣòfò. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ níṣẹ́ lónìí, tó dé kíláàsì lọ́la tó rí i pé kò sí nǹkan kan lórí ọmọ náà mọ́, ó ti mọ ohun tó yẹ kó wádìí.

Wọ́n ní níbi tí wọ́n ti ń ta ògbólógbòó ìwé ní Paris ló ti rí ìwé kan tí Gustav Fechner kọ ní 1860. Fechner ti fi hàn nínú ẹ̀ pé èèyàn lè fi nọ́ńbà wọn ohun tí ara ń mọ̀, bí ìwúwo tàbí ìmọ́lẹ̀. Ebbinghaus wá bi ara ẹ̀ pé bó bá ṣe é ṣe fún ohun tí ara ń mọ̀, kí ló dé tí kò ní í ṣe é ṣe fún iyè? Àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ náà nígbà yẹn ò gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe é wọ̀n. Kò sẹ́ni tó fún un ní yàrá ìwádìí, kò sì ní olùrànlọ́wọ́. Ara ẹ̀ ló fi dán an wò.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ kì í dọ́gba. Ọ̀rọ̀ kan lè rán ẹ létí ìyá ẹ, òmíì ò ní rán ẹ létí nǹkan kan. Ló bá ṣẹ̀dá nǹkan bí 2,300 ìró tí kò nítumọ̀, kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ̀lì kan, kọ́ńsónáǹtì mìíì, irú bíi ZOF tàbí KEB. Á pò wọ́n pọ̀ bí ẹni ń po káàdì, á fa iye tó bá fẹ́ yọ, á máa kà wọ́n sókè bí aago ṣe ń dún, ìró 150 láàárín ìṣẹ́jú kan, títí á fi lè kà wọ́n láìwòwé. Á kọ àkókò tó gbà á sílẹ̀. Ó ṣe é láti 1879 dé 1880, ó sì tún un ṣe láti 1883 dé 1884 kó lè dá a lójú. Ẹ rò ó wò: ọ̀pọ̀ oṣù, ohun tí kò nítumọ̀, láìsí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Bóyá ohun tó gbé e ró ni pé ó ń rí nọ́ńbà tuntun, ó sì fẹ́ mọ èyí tó kàn. Àwọn ọmọ wa náà máa ń rí bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ń rí i pé àwọn ń tẹ̀ síwájú.

Bó bá jẹ́ ìró méje péré ni, ẹ̀ẹ̀kan ló máa kà á táá fi mọ́ ọn. Ìró 12 gbà á ní nǹkan bí ìgbà 17. Ìró 24 gbà á ní ìgbà 44. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ dúró síbí díẹ̀. Láti méje sí 12, márùn-ún péré la fi kún un, àmọ́ iṣẹ́ ti di ìlọ́po 17. Ẹni tó bá kọ 30 ọ̀rọ̀ tuntun sára bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan náà, tó wá ń bínú pé àwọn ọmọ ò mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ tó gbé lé wọn lórí pọ̀ ju bó ṣe rò lọ.

Báwo ló ṣe wá wọn ìgbàgbé? Ọgbọ́n tó dá nìyí. Ká ní 1,000 ìṣẹ́jú àáyá ló fi kọ́ nǹkan lánàá. Lónìí, ó lè dà bíi pé ó ti gbàgbé ẹ̀ pátápátá. Àmọ́ tó bá tún un kọ́, tó sì gbà á ní 660, a jẹ́ pé ohun kan ṣì kù lórí tó bá a dín 340 kù. Ohun tó dín kù yẹn ló fi ń mọ iye tó ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú, ìdá 58 nínú 100 ló ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn wákàtí kan, 44. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, nǹkan bí 34. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, 25. Lẹ́yìn ọjọ́ 31, 21. Bí garawa tó lu nídìí ló rí: ìgbà tó kún lomi ń tú jáde jù, tó bá ti lọ sílẹ̀, á wá máa kán tó-tó-tó. Èyí ni pé tíṣà tó ń dúró di ìparí sáà kó tó ṣe àtúnyẹ̀wò, ẹ̀yìn tómi ti dànù ló ń wá rágì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì gan-an ló yẹ kó béèrè lọ́wọ́ wọn, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kó tó ṣí orí tuntun.

Ibi tọ́rọ̀ wa wà gan-an rèé. Ó mú ìró 12, ó kà á nígbà 68 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó mú irú ẹ̀ mìíì, ó pín kíkà ẹ̀ sí ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbà 38 péré lápapọ̀ ló fún un ní èrè kan náà lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ dín kù sí bí ìdajì, èrè ò yí padà. Òótọ́ ni pé kíráàmù máa ń ṣiṣẹ́ fún ìdánwò ọ̀la, ìyẹn làwọn ọmọ ò ṣe lè fi í sílẹ̀. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tá a fẹ́ kó gbogbo owó wa lé lórí yìí, ìgbà 68 ni. Àwọn ọmọ awo ti mọ èyí látayébáyé. Ta ló rí ọmọ awo tó kọ́ ẹsẹ Ifá mọ́jú?

Ebbinghaus tún fi ewì gidi dán an wò, Don Juan tí Byron kọ. Ẹsẹ kan níbẹ̀ ní nǹkan bí 80 ìró, kíkà bíi mẹ́sàn-án ló sì fi mọ̀ ọ́n. Ìró 80 tí kò nítumọ̀ ì bá gbà á ní ìgbà 70 sí 80. Ohun tó bá yéni kì í gbà ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iṣẹ́ náà lọ. Ọmọ ọdún méje tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé e kọ́ ní sáyẹ́ǹsì, ZOF àti KEB ló ń gbọ́. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn èèyàn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí wọn ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pámárì fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀.

1885 ló tẹ ìwé ẹ̀ lórí iyè jáde. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Berlin gbé e ga sípò ọ̀jọ̀gbọ́n kékeré, àmọ́ nígbà tí ipò ńlá ṣí sílẹ̀, ẹlòmíì ni wọ́n fún. Wọ́n ní ìwé tó tẹ̀ jáde ò pọ̀ tó. Ó kó ẹrù ẹ̀ lọ sí Breslau ní 1894, ìlú tí wọ́n ń pè ní Wrocław ní Poland báyìí. Ibẹ̀ ló ti bá ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé pàdé. Àwọn aláṣẹ ìlú fẹ́ mọ̀ bóyá wákàtí márùn-ún tí wọ́n ń fi kọ́ àwọn ọmọ lórí ìjókòó ń mú ọpọlọ wọn rẹ̀. Ebbinghaus ṣe àyọkà kan, ó yọ ọ̀rọ̀ àti ègé ọ̀rọ̀ kúrò nínú ẹ̀, ó ní káwọn ọmọ dí àwọn àlàfo náà. Ó tẹ àbájáde ẹ̀ ní 1897. Àlàfo wọ̀nyẹn ló fi ìyàtọ̀ hàn jù láàárín àwọn tí iṣẹ́ yé àtàwọn tí kò yé. Alfred Binet ará Faransé náà lo irú ẹ̀ nígbà tó ṣe ìdánwò làákàyè tiẹ̀ ní 1905. Nígbàkigbà tí ọmọ yín bá gbé iṣẹ́ àṣetiléwá tó ní àlàfo wálé, ẹ rántí ẹni tó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Halle ló parí iṣẹ́ sí. Òtútù àyà ló pa á ní ọjọ́ 26 oṣù kejì 1909, ọmọ ọdún 59. Àwọn kan ti sọ pé èèyàn kan ṣoṣo ló fi ṣe ìwádìí, pé bóyá orí tiẹ̀ nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Ní 2015, Jaap Murre àti Joeri Dros ní Amsterdam tún iṣẹ́ náà ṣe pẹ̀lú ìró tí kò nítumọ̀. Ìlà ìgbàgbé tí wọ́n rí fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti 1885.