Michael White: ẹni tó ya ìṣòro sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀dá èdè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dá lé.

Adelaide, ní Ọsirélíà, ni wọ́n ti bí Michael White ní 1948. Iṣẹ́ yíya àwòrán ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ṣe, kò bá a lára mu, ló bá bọ́ sínú iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ará ìlú. Ó gboyè nínú rẹ̀ ní 1979, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Ní 1983, òun àti Cheryl White dá Dulwich Centre sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn ìdílé tí wàhálà bá, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn olùtọ́jú mìíràn níṣẹ́.

Ohun tó ṣàkíyèsí ni pé orúkọ ìṣòro a máa di orúkọ ọmọ. Láti ọjọ́ náà lọ, ìtàn tó bá bá orúkọ yẹn mu nìkan ni ará ilé ń rántí.

Ọmọkùnrin ọdún 6 kan wà tó ń ṣu sára lójoojúmọ́, tó sì ń fi í kun ògiri. White sọ ìgbẹ́ náà lórúkọ, bí ẹni pé alárékérekè kan ni tó ń yọ́ wọlé. Ó bi ìdílé náà léèrè ohun tí alárékérekè yìí ń fi ojú wọn rí. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ìgbà tí wọ́n borí rẹ̀ rí. Ọmọ rántí pé òun ti kọ̀ fún un rí. Ìyá rántí ọjọ́ kan tí òun tan ẹ̀rọ orin dípò kí òun jókòó máa dá ara òun lẹ́bi. Orí àwọn nǹkan kéékèèké yìí ni wọ́n gbé ìtàn tuntun kà. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọ náà tún ṣu sára, díẹ̀ sì ni.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kan àwa. Nínú Faransé tí a fi ń kàwé, èmi ni olùwà: j'ai peur. Nínú èdè ìyá wa, ẹ̀rù ló ń bà mí, ojú ló ń tì mí; ẹ̀rù ni olùwà, èmi ni àbọ̀. Gírámà wa ti ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ White kí ó tó dé. Ká má tíì yọ̀ o: àwa náà ń pe ọmọ ní ọ̀lẹ àti òpònú.

Ọkọ tó lu ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, tó ní inú ló bí òun? White ti rí ìyẹn. Kì í ya ìlù náà sọ́tọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó lù. Èrò àti àṣà tó ń ti ọkùnrin sí i ló ń yà sọ́tọ̀, kí onítọ̀hún lè jẹ́wọ́ ohun tó ṣe.

Òun àti David Epston, ará Niu Sílándì, ló kọ Narrative Means to Therapeutic Ends, tó jáde ní 1990. Lẹ́tà tí olùtọ́jú ń kọ sí ìdílé lẹ́yìn ìpàdé gba ààyè púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ní oṣù kìíní 2008, ó ṣí ibùdó tuntun ní Adelaide. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún yẹn ló kú ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti lọ kọ́ni. Ẹni ọdún 59 ni.