Dúró Ládípọ̀: Ọmọ kátíkíìsì tó di Ṣàngó lórí ìtàgé

Ará Ìgbómìnà kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí adé máa ń dá sílẹ̀. Ìtàn sọ pé ìjà oyè láàárín ọmọ ọba méjì ló tú Ìlá Yàrà ká, tí a fi ní Ìlá Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá lónìí. Bóyá ìdí nìyí tí eré Ọba Kò So kò fi lè ṣàjèjì sí àwọn àgbà agbègbè yìí. Ẹni tó gbé eré náà jáde, Olóògbé Dúró Ládípọ̀, kò kúkú jìnnà sí wa. Ọmọ Òṣogbo ni.

Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejìlá, ọdún 1931 ni wọ́n bí i. Kátíkíìsì ni baba rẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà, iṣẹ́ tíṣà sì ni Dúró kọ́kọ́ ṣe, títí dé Kàdúná. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ àwọn onílù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó ṣe orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òṣogbo, ó sì kó ìlù ìbílẹ̀ wọ inú rẹ̀. Wàhálà dé. Lójú àwọn kan nínú ìjọ, ìlù òrìṣà kò gbọdọ̀ dún nílé Ọlọ́run. (Lónìí ńkọ́? Ta ni kò tíì jó sí dùndún ní ṣọ́ọ̀ṣì?) Ládípọ̀ kò ju ìlù nù, ó wá ibòmíràn gbé orin rẹ̀ lọ.

Ní oṣù Kẹta, ọdún 1962, òun àti Ulli Beier, òyìnbó Jámánì tó ń gbé Òṣogbo, ṣí Mbari Mbayọ̀ sínú ilé ọtí tó jẹ́ ti Ládípọ̀ fúnra rẹ̀. Eré Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n fi ṣí i. Nígbà tó pé ọdún kan, Ọba Kò So jáde.

Ẹni tó bá ka ìwé kíkà Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ láyé ọjọ́un ti mọ ìtàn náà. Ṣàngó jọba ní Ọ̀yọ́. Ọmọ Ọ̀rànmíyàn ni, tí ìtàn kà mọ́ ìdílé Odùduwà kan náà pẹ̀lú Ọ̀ràngún. Jagunjagun rẹ̀ méjì, Gbọ̀ńkáà àti Tìmì, ń jà kiri títí ogun fi sú ará ìlú. Ọba tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù wá ń bẹ̀rù àwọn tí òun fúnra rẹ̀ ń rán níṣẹ́. Ó ní kí Tìmì lọ sí Ẹdẹ, ó rò pé yóò ṣègbé síbẹ̀. Tìmì kò ṣègbé, ó gbilẹ̀ níbẹ̀ ni; oyè Tìmì ṣì wà ní Ẹdẹ dòní. Ṣàngó bá rán Gbọ̀ńkáà kó lọ mú un wá, Gbọ̀ńkáà sì mú un wá. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí, ṣùgbọ́n ọba ní kí wọ́n tún ìjà náà jà níṣojú òun. Gbọ̀ńkáà pa Tìmì tán, ó yíjú sí ọba. Ṣàngó fi ìbínú pa àwọn ènìyàn ara rẹ̀, ìlú kọ̀ ọ́, Ọya pàápàá fi í sílẹ̀, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí ìdí igi àyàn.

Kò sí ọ̀tá kankan láti òde nínú eré yìí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ọba fi tú ààfin rẹ̀ ká. Síbẹ̀, Ládípọ̀ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn rí ẹ̀bi ọba, ó sì tún jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìgbe àwọn tó ní ọba kò so. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn fún ọmọ kátíkíìsì.

Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe Ṣàngó, ìyàwó rẹ̀, Abíọ́dún, ń ṣe Ọya. Wọ́n gbé eré náà lọ sí Berlin ní 1964, wọ́n gbé e dé Ìlú Ọba ní 1965, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e dé Amẹ́ríkà. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é fún àwọn òyìnbó.

Ó tún ṣe Ọba Wàjà, Mọrèmi àti Ẹ̀dá, títí tó fi gbé Bọ̀dé Wáàsinmi wá sórí tẹlifíṣàn. Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, ọdún 1978 ló kú, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta.