Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti Owó-Orí Àwọn Obìnrin Ẹ̀gbá

  Ní ọdọọdún, bí ọjọ́ 15 oṣù kẹrin bá ti ń sún mọ́lé, àwa tí a yọ̀ǹda ara wa nínú ẹgbẹ́ máa ń jókòó ti àwọn ẹbí tí wọ́n fẹ́ ìrànlọ́wọ́ lórí fọ́ọ̀mù wọn. Níbẹ̀ ni ọmọ kan tí a bí sí Houston ti bi wá léèrè ìdí tí Yorùbá fi ń pè é ní owó-orí, nígbà tí ó jẹ́ pé owó iṣẹ́ ni ìjọba ń bù nínú rẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn ìgbésí ayé ìyá kan tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá Fẹlá nìkan.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900 ni a bí Fúnmiláyọ̀ sí ìdílé Thomas ní Abẹ́òkúta. Ní 1914 ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí Abeokuta Grammar School gbà wọlé. Ní 1919 ó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó fi máa padà dé ní 1922, ó ti pa orúkọ Òyìnbó tí wọ́n sọ ọ́ tì, Fúnmiláyọ̀ ni ó ń jẹ́. Ní 1925 ó fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, tí ó di ọ̀gá àgbà Grammar School náà ní 1932. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí: Dọ̀lúpọ̀, Olíkóyè, Fẹlá àti Bẹ́kọ̀.

Ní 1932 yìí kan náà ni ìyá wa kó àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé jọ sínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Abeokuta Ladies Club. Aṣọ rírán, oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọge. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó dúró sí, bóyá a kò ní máa kọ ìtàn rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1944, àwọn obìnrin ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n ti ń kọ́ a-b-d, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ohun tí ojú wọn ń rí. Wọ́n sọ bí àwọn aláṣẹ ti ń gba ìrẹsì wọn lọ́nà nítorí ogun àgbáyé, tí èrè wọn sì ń bá a lọ. Ní 1945 ìyá wa gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìwé ìròyìn, ìjọba sì dáwọ́ gbígba ìrẹsì dúró. Nígbà náà ni wọ́n wá kan ọ̀rọ̀ owó-orí.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí a sọ bí owó-orí ṣe dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Títí di 1914, Ẹ̀gbá ń ṣàkóso ara wọn, owó ibodè ni wọ́n sì fi ń ṣe ìjọba. Lẹ́yìn tí Òyìnbó gba ìjọba lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé owó-orí kalẹ̀ ní 1918. Èyí wà lára ohun tí ó fa Ogun Adùbí ní ọdún náà. Àwọn ọmọ ogun ìjọba pa ogun náà, owó-orí sì dúró. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá yòókù, obìnrin kì í san án. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n ń san tiwọn lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn. Ọmọbìnrin ti ń san láti ọmọ ọdún 15, nígbà tí ọmọkùnrin ń dúró di 16. Iye kan náà ni wọ́n bù lé orí kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ opó tí ń kiri ẹ̀kọ, ìbáà jẹ́ aláró tí ọjà rẹ̀ ń tà. Orí ni wọ́n ń kà, wọn kò wo ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí orúkọ náà fi bá a mu.

Bí wọ́n sì ti ń gbà á burú ju iye rẹ̀ lọ. Àwọn agbowó-orí ń wọ ilé onílé, wọ́n ń lé obìnrin kiri, wọ́n tilẹ̀ ń tú aṣọ lára ọmọdébìnrin láti wò ó bóyá ó ti dàgbà tó ẹni tí ń san. Ẹni tí kò bá sì rí i san, ilé ẹjọ́ ni. Síbẹ̀ kò sí obìnrin kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ tí ń pín ẹrù yìí. Aláké Adémọ́lá Kejì ni ìjọba Òyìnbó fi gbogbo àṣẹ ìlú lé lọ́wọ́, òun sì ni wọ́n ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di Abeokuta Women's Union, ọ̀mọ̀wé àti obìnrin ọjà lápapọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wọn tó 20,000. Ìyá wa bọ́ gáùn sílẹ̀, ìró àti bùbá ni ó ń wọ̀. Yorùbá ni ó ń sọ ní ìpàdé, kódà níwájú àwọn Òyìnbó, kí ó lè jẹ́ pé àwọn ni yóò wá ògbufọ̀, kì í ṣe àwọn ìyá ọlọ́jà. Ó lè san owó-orí tirẹ̀ láìmira, ṣùgbọ́n kò fi ìyẹn ṣe ìdí láti dákẹ́.

Ní oṣù kẹwàá 1946 wọ́n lọ bá Aláké. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ títí, kò so èso. Ní 1947 ìyá wa nìkan ni obìnrin nínú àwọn aṣojú NCNC tí wọ́n lọ sí London, ó sì fi ipò tí àwọn obìnrin wà hàn nínú ìwé ìròyìn níbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 sí 30 oṣù kọkànlá ọdún náà, obìnrin tí ó ju 10,000 lọ sun iwájú ààfin mọ́jú, wọ́n ń kọrin. Wọ́n tún padà lọ ní oṣù kejìlá. Nítorí pé ìjọba kò fún wọn láyè láti wọ́de, wọ́n ní ìpàdé fàájì ni àwọn ń ṣe. Ìyá wa sì ti kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe bí ọlọ́pàá bá yin tajútajú. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni san owó fún ìjọba. Wọ́n ní kí a mú owó-orí kúrò lórí obìnrin, kí a gbé e lé àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè tí ń jèrè lórí ilẹ̀ wọn. Wọ́n ní kí owó náà padà wá di ilé-ìwé, ìmọ́tótó àti ọkọ̀ fún ará ìlú, kí obìnrin sì wà níbi tí a ti ń pinnu rẹ̀.

Ní 1948 wọ́n dá owó-orí obìnrin dúró. Ní oṣù keje ọdún náà Aláké lọ sí Òṣogbo, ní oṣù kìíní 1949 ó sì fi oyè sílẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́rin, títí kan ìyá wa, wọ ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso ìlú. Aláké padà sórí oyè ní ìparí ọdún 1950, ó sì jọba títí ó fi wàjà ní 1962.

Ìyá wa gba ẹ̀bùn Lenin fún àlàáfíà ní 1970. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, àwọn ṣójà ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá náà láti ojú fèrèsé òkè. Kò gbádùn mọ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1978. Ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ọjà ti ìsọ̀ wọn.

Kí ni èyí kàn wá ní Texas? Níbí náà, láti 1902 títí di 1966, aláìní tí kò bá san owó-orí ìdìbò kò lè dìbò. Ìyẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo owó-orí ọjà tí a ń san ní Houston. Lórí bàtà ọmọ tí ó jẹ́ $100, $8.25 ni, ìbáà jẹ́ dókítà ni ó rà á, ìbáà jẹ́ ẹni tí ń tọ́jú arúgbó lóru. Ìka kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ìwọ̀n òrùka kan náà ni wọ́n fẹ́ fi bọ gbogbo rẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ yàtọ̀: bí owó ọdún ènìyàn ti ń pọ̀ sí i ni ìpín tí wọ́n ń gbà ń lọ sókè, ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré sì lè gba owó padà. Nílé náà, òfin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026 kò gba owó-orí lórí owó iṣẹ́ ẹni tí kò rí ju ₦800,000 lọ lọ́dún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹni tí ó bá ní ilé tí ó ń gbé, kí ó rí i pé òun ti kọ̀wé fún homestead exemption, nítorí owó-orí ilé wúwo ní ìpínlẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá díye lé ilé yín ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ta kò ó, ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ni ó sì sábà máa ń parí. Ẹ̀yin tí ẹ ti di ọmọ ìlú, ẹ lọ dìbò. Ẹni tí ń sanwó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí a ti ń pín in. A gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí a má ṣe làágùn lásán. Àṣẹ.