Agbẹjọ́rò Sapara Williams

Ní ọdún 1855 ni a bí Christopher Alexander Sapara Williams ní ilẹ̀ Sàró. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di agbẹjọ́rò ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 1879. Kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan tí ó ṣáájú rẹ̀ gba oyè yìí.

Ní 1888 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń gba ẹjọ́ rò níbẹ̀ kò kọ́ òfin ní ilé-ẹ̀kọ́ rárá. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn: agbẹjọ́rò kò tó, ilé-ẹjọ́ sì ń fún ẹni tí ó mọ̀wé díẹ̀ láyè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí nìkan ni ó sọ Williams di olókìkí. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ti ogún bá délẹ̀, adájọ́ òyìnbó mọ òfin inú ìwé. Àṣà Yorùbá kò sí nínú ìwé náà. Àwọn ará Tchetti mọ bí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti í rí. Williams mọ ti ìwé, ó mọ ti àwọn àgbà.

Ní 1901 ìjọba yàn án sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ní 1909 ìjọba kan náà gbé òfin kan wá, láti máa fi ìyà jẹ ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ tàbí kọ̀wé takò ó. Williams dìde, ó kọ òfin náà lójú gómìnà, ó ní kí a jẹ́ kí ìwé ìròyìn sọ̀rọ̀ fàlàlà. Wọ́n ṣe òfin náà síbẹ̀. Òun kò fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1915.