Chester Bliss, Ẹni Tí Ó Ṣírò Agbára Oògùn

Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ni a bí Chester Bliss sí ní 1899. Iṣẹ́ ìjọba ni ó ń ṣe, ó ń wádìí oògùn tí ń pa kòkòrò oko. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1933. Kò jókòó káwọ́ lérí. Ó gba àjò lọ sí London, lọ́dọ̀ Fisher, àgbà nínú ìmọ̀ ìṣirò.

Ìwọ̀n oògùn kan náà a máa pa kòkòrò kan, a sì máa dá èkejì sí. Ní 1934, Bliss gbé ọ̀nà tí ó pè ní probit jáde: kí a ṣírò ìwọ̀n tí yóò pa ìdajì wọn, kí a sì sọ bí ó ti lè dín tàbí lé tó. Ó ṣiṣẹ́ dé Leningrad kí ó tó rí iṣẹ́ nílé, ní Connecticut, ní 1938. Ó kú ní 1979.